Láti Orí Láyípo: Bí Lẹ́ńsì Gígùn Ṣe Ń Fi Ìbàdàn Han Ọmọ Ìbàdàn

Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti fọ ojú ọ̀run mọ́ nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ Láyípo dókè. Agogo méje àárọ̀ kò tíì lù. Mo ti bá bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́ńsì gígùn ya ìlú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn ṣáájú òun dé ibi iṣẹ́. Mo ṣí ẹsẹ̀ sitáǹdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé kámẹ́rà lé e, mo wá dojú lẹ́ńsì mìlímítà 500 kọ ìwọ̀ oòrùn, níbi tí Cocoa House dúró sí ní Dùgbẹ̀. Bí èèyàn bá fi ojú lásán wò ó láti orí Òkè-Ààrẹ, kò ju páálí ìṣáná tí wọ́n gbé nàró lọ. Nínú lẹ́ńsì, mo ń ka fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ń yọ bọ̀ lẹ́yìn mi, ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti dé àwọn àjà òkè pátápátá nígbà tí àwọn òrùlé ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú òjìji.

Ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé bàbá náà gòkè, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wo inú ẹ̀." Mo ní kó bọ́ síwájú. Ó wo Cocoa House fúngbà díẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo wá rọra yí lẹ́ńsì sísàlẹ̀, sí àwọn agbo ilé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà. Lójijì ló pariwo. "Bàbá, òrùlé wa rèé! Ẹ wo táyà tí ẹ gbé lé páànù!" Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan wò ó, ó sì pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ṣọ́ ibí yìí, òun kò rí òrùlé ara òun báyìí rí. Ó ní páànù mẹ́rin tó wà ní igun ọ̀tún ti jẹ kọjá ohun tí òun rò, òun máa pààrọ̀ wọn kí òjò ńlá tó dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo ń wá lórí òkè. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ilé gíga ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì dé Láyípo rí, ilé ìṣọ́ tóóró kan ni lórí Òkè-Ààrẹ, gíga rẹ̀ tó mítà 18. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Kápútẹ́nì Robert Lister Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1893. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé náà, ṣùgbọ́n ará ìlú kò jẹ́ kí orúkọ yẹn dúró. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Láyípo. Ó dùn mọ́ mi pé orúkọ tiwa ló lékè. Bower yìí kan náà ló yìnbọn lu ìlú Ọ̀yọ́ lọ́dún 1895, àwọn ará Ọ̀yọ́ kò sì ní ìdí kankan láti fi òkúta rántí rẹ̀. Àǹfààní tí mo rí níbẹ̀ ni gíga rẹ̀, nítorí òkè tó gbé e dúró ti ga tẹ́lẹ̀, ó tún wá fi ti ara rẹ̀ kún un.

Kí ló dé tí mo fi máa lọ sí òkè tó jìnnà tó kìlómítà bíi mẹ́ta kí n tó ya ilé tí mo lè rìn dé ìdí rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni gbogbo èèyàn ń bi mí. Ẹ jẹ́ ká lọ dúró ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọlọ́sàn tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn. Agbòòrùn yẹn, tí ìbú rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, lè bo Cocoa House, ilé alájà 26, mọ́ yín lójú pátápátá. Bí ẹ bá kúrò lábẹ́ agbòòrùn tí ẹ gbé ojú sókè, orí ilé náà á máa dẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fẹ̀, òkè rẹ̀ á tín-ín-rín. Irọ́ kọ́ ni ojú yín ń pa. Ohun tó wà nítòsí ló gba gbogbo àyè.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le. Ẹ mú ilé méjì tí gíga wọn dọ́gba. Èkíní wà ní mítà 100 sí ẹni tó ń wò, èkejì wà ní mítà 1,100. Nínú fọ́tò, èyí tó wà nítòsí á ga ju èkejì lọ ní ìlọ́po 11. Kí onífọ́tò náà wá máa fà sẹ́yìn títí èkíní á fi wà ní kìlómítà mẹ́rin sí i, tí èkejì á wà ní márùn-ún. Ilé méjèèjì ò kúrò níbi tí wọ́n wà, síbẹ̀ ìdá mẹ́rin péré ni èkíní á fi ga ju èkejì lọ. Ẹsẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Lẹ́ńsì kò dá sí i. Ohun tí lẹ́ńsì gígùn ń ṣe ni pé ó ń bu díẹ̀ láàárín ohun tí ojú rí, ó sì ń sọ díẹ̀ yẹn di ńlá. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó fi fóònù rẹ̀ ya ìlú láti orí òkè, kó wá gé àárín rẹ̀ jáde kó sì fẹ̀ ẹ́. Á ṣe bàìbàì, á fọ́ yángá, ṣùgbọ́n bí ilé kan ṣe tó sí èkejì nínú rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ti lẹ́ńsì olówó ńlá.

Lórí kámẹ́rà tí awo tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 36 tó sì ga ní 24, lẹ́ńsì mìlímítà 500 kò lè gbà ju mítà 216 lọ ní ìbú láti kìlómítà mẹ́ta, tàbí mítà 144 ní òró. Cocoa House ga ní mítà 105. Ó wọ inú fọ́tò náà bí ọmọ ṣe ń wọ ẹ̀yìn ìyá, ó tún ku àyè díẹ̀ fún òrùlé nísàlẹ̀ àti ọ̀run lókè. Èmi ò mọ ibòmíràn ní Ìbàdàn tó ṣe déédéé báyìí fún lẹ́ńsì yẹn.

Àyè díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Nígbà tí wọ́n ṣí Cocoa House lọ́dún 1965, kò sí ilé tó ga tó o ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè é ni Ilé Àwọn Àgbẹ̀, nítorí owó kòkó, owó rọ́bà àti owó igi gẹdú Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 1985, ó sì di 1992 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo èyí ni wọ́n ti sọ létí wa láti kékeré. Ẹni tó dúró ní Dùgbẹ̀ kò lè rí i nínú ilé náà. Kọnkéré àti fèrèsé nìkan ni á rí. Láti orí Láyípo, àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló tò lọ rẹrẹẹrẹ dé ẹsẹ̀ Ilé Àwọn Àgbẹ̀, wọ́n pọ́n bí epo, wọ́n dúdú láwọn ibì kan, aṣọ àlòkù wà lórí okùn láàárín wọn, táńkì omi wà, mọ́ṣáláṣí wà, ilé náà sì yọ jáde láàárín wọn. Ẹni tó rí fọ́tò yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ta ló ni ilé náà.

Iṣẹ́ yìí ní àwọn baba rẹ̀. Ọdún kan náà, 1891, ni Thomas Dallmeyer ní Lọ́ńdọ̀nù àti Adolf Miethe ní Jámánì gbé lẹ́ńsì tí ń mú ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni jáde, olúkúlùkù lọ́tọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n fi dígí kan tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sẹ́yìn èyí tí ń kó o jọ, kí lẹ́ńsì má baà gùn tó bó ṣe yẹ kó gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ lẹ́ńsì gígùn di ohun èlò fún yíya ìlú, lójú tèmi, ni Andreas Feininger.

Paris ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1906. Bàbá rẹ̀ ni Lyonel Feininger, ayàwòrán olókìkí. Iṣẹ́ káfíńtà tí ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni ọmọ kọ́kọ́ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Weimar, kó tó wá kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán ilé. Ó bá ayàwòrán ilé Le Corbusier ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní Paris. Lọ́dún 1933 ó kó lọ sí Sweden, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí àjèjì ṣe iṣẹ́ ìyàwòrán ilé níbẹ̀. Bí ọ̀nà kan ò bá wọ̀, a máa ń gba òmíràn. Ó gbé kámẹ́rà, ó ń bá àwọn ayàwòrán ilé ibẹ̀ ya fọ́tò ilé tí wọ́n bá kọ́. Ìgbà tó fi máa dé New York ní ìparí ọdún 1939, ó ti mọ ilé ní ọ̀nà mẹ́ta: bí ẹni tí ń gbẹ́ igi, bí ẹni tí ń fa ìlà ilé, àti bí ẹni tí ń yà á ní fọ́tò.

New York wá dẹ́rù bà á bó ṣe ń dẹ́rù ba gbogbo onífọ́tò. Láti ojú títì, ilé gíga ibẹ̀ ń ṣe bí Cocoa House ṣe ń ṣe sí wa ní Dùgbẹ̀, àfi pé tiwọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò ló gbà fún un, wọ́n ń gbé kámẹ́rà dojú kọ sánmà. Feininger fà sẹ́yìn. Ó sọdá odò Hudson lọ sí New Jersey, ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Weehawken, ó sì ya àárín Manhattan láti òdìkejì omi lọ́dún 1942. Kámẹ́rà tó ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, òun ló kàn án fúnra rẹ̀, nítorí èyí tó ń wá kò sí lọ́jà. Iṣẹ́ káfíńtà tó kọ́ ní Weimar kò ṣòfò. Nínú fọ́tò náà, Empire State Building, alájà 102 tí wọ́n parí lọ́dún 1931, dúró bí ọba láàárín àwọn ìjòyè. Ilé tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìlú ló ga jù nínú àwòrán. Láti ojú títì, ilé alájà mẹ́wàá tó bá wà nítòsí ti tó láti bo alájà 102 tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn Life lọ́dún 1943, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1962. Ó kú lọ́dún 1999, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Mo máa ń ronú nípa ìfàsẹ́yìn yẹn. Onífọ́tò tó bá fẹ́ràn nǹkan, ara rẹ̀ á máa sún mọ́ ọn. Ó gba sùúrù kéèyàn yí ẹ̀yìn padà sí ohun tó fẹ́ràn, kó máa rìn lọ, títí yóò fi jìnnà tó láti rí i pé.

Ohun tó wà láàárín àwa àti ilé tó jìnnà ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí, ìyẹn afẹ́fẹ́. Kìlómítà mẹ́ta afẹ́fẹ́ ń bẹ láàárín Láyípo àti Dùgbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń wọ inú fọ́tò. Ìbàdàn tún ní ìṣòro kan tí New York kò ní: páànù. Bí agogo mẹ́sàn-án bá ti ń kọjá tí oòrùn sì mú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òrùlé á gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó kan páànù á gbóná, á fúyẹ́, á máa gbéra sókè. Èyí tó tutù á máa já bọ́ sáyè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara Cocoa House ní láti gba àárín wọn kọjá, ìkan á tẹ̀ ẹ́ síbí, ìkan á tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí lójú títì márosẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó máa ń dà bíi pé omi wà níwájú ọkọ̀. Nínú lẹ́ńsì mìlímítà 500, igun ilé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì bí òjìji ẹni nínú abọ́ omi tí ọmọdé fọwọ́ gbún. Fèrèsé tí mo ń kà lágogo méje á ti yọ́ mọ́ra wọn.

Kò sí lẹ́ńsì tó wo àìsàn yìí sàn. Èyí tó dára jù ló tiẹ̀ ń fi í hàn jù, nítorí gbogbo ohun tí lẹ́ńsì bá sọ di ńlá, ó ń sọ ìwárìrì náà di ńlá pẹ̀lú. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta ọ̀kadà rẹ̀ kó lè ra lẹ́ńsì, tó wá ń gun òkè lágogo méjìlá ọ̀sán, tó ń rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Lẹ́ńsì rẹ̀ dára. Wákàtí rẹ̀ ni kò dára. Ẹ jáde kí oòrùn tó mú, tàbí kí ẹ dúró de ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Èyí tó dára jù ni àárọ̀ tó tẹ̀ lé òjò alẹ́, nígbà tí omi ti kó eruku wálẹ̀ tí páànù sì ṣì tutù. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan nínú rẹ̀, ẹ yà á ní ogún, ẹ yà á ní ọgbọ̀n léraléra láìgbé kámẹ́rà kúrò. Afẹ́fẹ́ máa ń sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan nínú wọn á mọ́.

Tí ọyẹ́ bá wá dé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ onífọ́tò tí mo mọ̀ ń di lẹ́ńsì gígùn mọ́lẹ̀ ní oṣù kejìlá, ó di òjò kí wọ́n tó tún tú u. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí púpọ̀ rẹ̀ ń ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, máa ń bo Cocoa House mọ́lẹ̀ láwọn àárọ̀ kan tí ẹ kò ní rí i rárá. Ṣùgbọ́n èmi kì í di tèmi. Mo ti sọ pé jíjìnnà ń mú kí ilé iwájú àti ilé ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àìsàn tó ń bá a rìn ni pé wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, bí ìgbà téèyàn gé ìwé tó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kan náà. Ọyẹ́ tó rọra wá, tí kò nípọn jù, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Òrùlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè á dúdú kirikiri, ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e á rí bí eérú, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á funfun díẹ̀ sí i, Cocoa House á wá dà bí ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà sórí ìwé. Ojú á tún mọ èyí tó jìnnà àti èyí tó wà nítòsí. Fọ́tò mẹ́ta tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà lórí Láyípo, inú ọyẹ́ ni mo ti yà wọ́n.

Àwọn oṣù ọyẹ́ yìí náà ni òṣùpá àrànmọ́jú máa ń wọ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá, níhà ibi tí Cocoa House wà sí Láyípo. Àwọn èèyàn máa ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí òṣùpá fi ń tóbi gọbọi lẹ́yìn ilé nínú fọ́tò. Òṣùpá kì í tóbi sí i. Ìwọ̀n ìdajì dígírì ló ń gbà lójú ọ̀run níbi yòówù kéèyàn dúró sí. Ilé ló ń kéré bí a bá ṣe ń jìnnà sí i. Láti kìlómítà mẹ́ta, ìbú òṣùpá kò ju ìdá mẹ́rin gíga Cocoa House lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí méjèèjì dọ́gba ní láti dúró ní nǹkan bíi kìlómítà 11 àti ààbọ̀ sí ilé náà. Mo ti wá irú ibẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, mo sì ti fi ọkọ̀ lọ wo mélòó kan. Igi wà níwájú ìkan, òkè bo ìkan, wọ́n ti mọ ilé alájà kan dí ojú ìkẹta. Mo ṣì ń wá a.

Ní Èkó, omi ló ń ṣe iṣẹ́ tí òkè ń ṣe fún wa. Ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó tó kọjú sí gúúsù lè rí NECOM House, alájà 32 tó ga ní mítà 160, tó yọ lórí Erékùṣù Èkó, pẹ̀lú afárá Third Mainland níwájú. Ó dára, ṣùgbọ́n èéfín pọ̀ níbẹ̀, èéfín ẹja Màkókó àti ti ibi tí wọ́n ti ń la igi. Èmi kì í dúró pẹ́ níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìwárìrì ti afẹ́fẹ́, ìwárìrì kejì ń ti ọwọ́ ara wa wá. Lẹ́ńsì tó ń sọ ilé di ńlá ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé tí lẹ́ńsì bá jẹ́ mìlímítà 500, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ láàárín ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán, tí ẹ bá fọwọ́ gbé e. Sitáǹdì dára jù. Ẹ fi àpò tí òkúta wà nínú rẹ̀ kọ́ àárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ka ìṣẹ́jú àáyá méjì fúnra rẹ̀ kó tó ya àwòrán, kí ọwọ́ yín ti kúrò lára rẹ̀. Mo pàdánù òdidi àárọ̀ kan nítorí àwọn ọmọ iléèwé tó gun Láyípo lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn dé inú gbogbo fọ́tò mi.

Ní ti ríra, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà tan iná fóònù sí i láti ẹ̀yìn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí àkọ́kọ́ tí mo rà ti bu nínú bí búrẹ́dì, òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ti ta sórí dígí àárín, ẹni tó tà á sì mọ̀. Fún ọdún méjì ni gbogbo fọ́tò mi fi ń ṣe bàìbàì tí mo ń dá ọyẹ́ lẹ́bi.

Àwọn kan sọ pé lẹ́ńsì gígùn ń purọ́. Ó yẹ ká dá wọn lóhùn, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu wọn. Michael Wolf, ọmọ Jámánì tó gbé ní Hong Kong títí tó fi kú lọ́dún 2019, ya àwọn ilé gogoro ibẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀ Architecture of Density. Ó gé ọ̀run kúrò lókè, ó gé ilẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, ó ku fèrèsé lórí fèrèsé bí aṣọ òfì. Ẹni tó wò ó kò lè mọ ibi tí ilé náà parí sí. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an, ó sì mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kí àyà wa há. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn oníròyìn tó ń fi lẹ́ńsì gígùn ya ọjà wa láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí ọgọ́rùn-ún èèyàn á fi dà bí ẹgbẹ̀rún, tí wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìlú náà ti kún àkúnya. Ìyẹn ni irọ́. Onífọ́tò Akinbode Akinbiyi gba ọ̀nà kejì ní tirẹ̀: ó ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà Rolleiflex lọ́rùn, kò sí lẹ́ńsì gígùn, ó ń wà láàárín àwọn tó ń yà. Bí mo bá ń wo iṣẹ́ rẹ̀, mo máa ń bi ara mi bóyá ibi tí mo dúró sí ti jìnnà jù. Ìdáhùn mi ni pé ìlú ní inú, ó sì ní ìrísí. Ẹni tó wà nínú agbo ilé kò lè rí bí agbo ilé náà ṣe jókòó sí àárín àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n ojú tó lágbára báyìí gbọ́dọ̀ ní ìtìjú. Láti orí òkè, mo ń rí ẹ̀yìnkùlé tí àwọn tó ni ín gbà pé kò sẹ́ni tó ń wò. Ìyá ń wẹ ọmọ. Ẹnìkan ń fọ ẹnu. Mo máa ń gbé lẹ́ńsì kúrò níbẹ̀, mi ò sì ń ya àwòrán tí ojú èèyàn á fi hàn nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ̀kalẹ̀ lọ tọrọ àyè. Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ ká ṣọ́ra. Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 ka yíya fọ́tò àwọn ibi tí ìjọba dáàbò bò léèwọ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́ńsì tó gùn tó apá sì máa ń fa ojú agbófinró. Wọ́n ti dá mi dúró rí. Mo kí wọn, mo ṣàlàyé, mo jẹ́ kí wọ́n wo inú rẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀kan nínú wọn wá ilé rẹ̀ títí, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa lọ.

Àwọn òrùlé tó mú mi máa gun Láyípo ń dínkù. Lọ́dọọdún ni páànù tó ti pọ́n ń di páànù aláwọ̀, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, àwọn ilé alájà sì ń yọ láàárín agbo ilé. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀. Òrùlé tó ń jò kì í ṣe ẹwà fún ẹni tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Láyípo ti pààrọ̀ páànù mẹ́rin tiẹ̀, tuntun ń dán yanranyanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògbólógbòó, táyà náà ṣì wà níbẹ̀. Mo tẹ fọ́tò méjì jáde fún un, ti ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí, ó sì gbé wọn kọ́ ara ògiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò Ìbàdàn tí wọ́n yà láti orí òkè, yálà Màpó ni tàbí Mọ́kọ́lá tàbí Òkè-Ààrẹ, ì báà jẹ́ ti bàbá yín nínú àpótí tàbí tiyín nínú fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀, wákàtí rẹ̀ àti ibi tí ẹni tó yà á dúró sí gan-an, kí ẹ tó gbé e pamọ́.